Ó Ní I, Ṣùgbọ́n Ó Fi Í Pamọ́: Àmì Ohùn Yorùbá àti Àwọn Ètò Tí Kọ̀ǹpútà Ń Bò Mọ́lẹ̀

1. Ìfáàrà

Inú iṣẹ́ wa ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ti jáde. Ní ìparí sáà kan, a wà lára àwọn tí ó kọ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Surulere. Ọwọ́ ni a fi kọ ọ́, gbogbo àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ìbéèrè kẹta ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn kí ìyàtọ̀ ìtumọ̀ wọn lè hàn:

(1) (a) ọkọ (b) ọkọ́ (d) ọkọ̀ (e) ọ̀kọ̀

A gbé ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bá ni tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ó padà dé. Nígbà tí a ti pín in fún àwọn ọmọ tán ni a tó rí ohun tí ó wà níbẹ̀:

(2) (a) oko (b) oko (c) oko (d) oko

Àwọn ọmọ kan rò pé ìbéèrè ẹ̀tàn ni. Àwọn mìíràn kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa ibi tí à ń dáko sí. Ọ̀pọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, nítorí pé bí a bá yọ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan nínú ìtumọ̀ tí ó lè jẹ yọ kì í ṣe ohun tí à ń dárúkọ ní kíláàsì. A ní láti fagi lé ìbéèrè náà, àwọn tí wọ́n ti fi ìdajì wákàtí jà á sì pàdánù àkókò wọn.

Nígbà tí a lọ bá ọmọbìnrin tí ó tẹ ìwé náà, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní àmì ni.” A gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yaba fi hàn wá pé irú ẹ̀rọ náà gan-an ní odidi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Kò sí ẹni tí ó ṣí i rí.

Gbólóhùn méjì ni ó wá dojú kọ wá báyìí: “Kò ní i” àti “Ó ní i, ṣùgbọ́n ó fi í pamọ́.” Lójú ẹni tí ń lo ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé ohun tí a kò rí, a kò lè lò ó. Ṣùgbọ́n ìwòsàn wọn yàtọ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá ní nǹkan, owó àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni à ń wá. Bí ó bá ní i tí ó fi í pamọ́, ìmọ̀ nìkan ni à ń wá, a sì ní ẹ̀tọ́ láti bi ẹni tí ó fi í pamọ́ léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ó ṣe. Èkíní, a ó ṣàlàyé bí sọ́fítíwíà ṣe ń bo àwọn ètò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èkejì, a ó tọ́ka sí ibi tí àwọn ètò tí ó kan àkọtọ́ Yorùbá wà. Ẹ̀kẹta, a ó yẹ àwíjàre àwọn tí ń bò wọ́n wò, a ó sì sọ ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò nínú ọ̀rọ̀ náà.

2. Bí a ṣe ń bo ètò mọ́lẹ̀

Gbogbo sọ́fítíwíà ni ó ní ohun tí ẹni tí ń lò ó lè yàn: bí lẹ́tà yóò ti tóbi tó, èdè tí ẹ̀rọ yóò fi bá ni sọ̀rọ̀, ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò máa tẹ̀ jáde. Sẹ́tíńgì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí a kò bá yan nǹkan kan, ẹ̀rọ kò ní tìtorí èyí kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn tí ó ṣe é ti yàn sílẹ̀ ni yóò máa lò. A dábàá kí a pe irú èyí ní àṣàyàn àbáwá, nítorí pé ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ ni. Ètò tí a kò lè rí àfi bí a bá ti mọ ibi tí a ó wá a sí tẹ́lẹ̀ ni a ó pè ní ètò ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ṣàkíyèsí pé wọ́n ń gbà bo ètò mọ́lẹ̀.

(3) (a) Fífi ilẹ̀kùn púpọ̀ sí iwájú rẹ̀. A kò ti ìkankan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà pa, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára wọn kò jọ ohun tí à ń wá, a sì gbọ́dọ̀ ṣí wọn tẹ̀lé ara wọn.

(b) Fífi í sábẹ́ àṣẹ tí a kò kọ síbì kankan lójú ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ èyí ni fóònù Android. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 4.2 ti jáde ní ọdún 2012, abala tí ó wà fún àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà kì í hàn títí ẹni tí ó ni fóònù yóò fi tẹ ìlà tí a kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà sí ní ìgbà méje. Bí ẹni ń pe ọfọ̀ ni.

(d) Mímú un kúrò lójú nítorí pé a kì í lò ó lemọ́lemọ́. Nínú Office 2000 ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, mẹ́nù kì í fi gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Ohun tí ènìyàn ń lò nígbà gbogbo ni ó ń hàn. Ìyókù wà lábẹ́ ọfà kékeré kan nísàlẹ̀. Ohun tí a rí lánàá lè máà sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Nígbà tí Office 2007 jáde, wọ́n ti pa àṣà náà tì.

Kì í ṣe pé bíbo nǹkan ń da ènìyàn láàmú nìkan. Ó ń ṣini lọ́nà. Láti ayé Windows 95 ni àṣàyàn àbáwá Windows ti ń gé ìrù orúkọ fáìlì kúrò lójú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrù yìí ni ó ń sọ irú ohun tí fáìlì jẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2000, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a mọ̀ sí ILOVEYOU bẹ̀rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Philippines, ó sì tàn ká ayé. Lẹ́tà ìfẹ́ ni ó pe ara rẹ̀. Orúkọ fáìlì náà parí sí .TXT.vbs, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí ń gé ìrù, .TXT nìkan ni ènìyàn rí. Wọ́n rò pé ìwé kíkà lásán ni, wọ́n sì ṣí i. Ohun tí a ní a fi pamọ́ kí ó má baà dààmú wọn gan-an ni ì bá ti gbà wọ́n.

3. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ táìpù àti kọ̀ǹpútà

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843 ni ọ̀rọ̀ bí a ó ti kọ èdè yìí sílẹ̀ ti ń gba àròjinlẹ̀. Ìjọ CMS pe àpérò lórí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ìgbà yìí, ìṣòro kan kò kúrò nílẹ̀: àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìkọ̀wé kò ro ti ẹ, ọ àti ṣ mọ́ ọn, kí a má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn tí ó gun orí wọn.

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa yóò rántí ayé ẹ̀rọ táìpù. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé akọ̀wé yóò tẹ gbogbo ìwé tán láìní àmì, olùkọ́ yóò wá mú bírò, yóò máa kán àmì sí abẹ́ àti sí orí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ojú-ewé kìíní títí dé ìkẹyìn. Iṣẹ́ líle ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ táìpù kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ohun tí ó ní wà lójú rẹ̀. Bí o bá wo bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí o kò rí ẹ, o mọ̀ pé kò ní i, o sì mọ̀ pé bírò rẹ ni yóò parí iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà lójú kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì kan náà lè tẹ e jáde lónìí, kí ó tẹ ẹ jáde lọ́la, bí a bá ti yí ètò rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú ẹ̀rọ táìpù wo kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kò ní i, yóò sì máa bá bírò rẹ̀ lọ. Àṣìṣe tí ọmọbìnrin yẹn ṣe nìyẹn. Àwa náà tí a gbà á gbọ́ ṣe é.

4. Ibi tí àmì wa wà

4.1 Nọ́ńbà lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú lẹ́tà bí àwòrán. Nọ́ńbà ni ó ń tọ́jú. Ètò tí gbogbo ayé fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí fún nọ́ńbà wọ̀nyí ni à ń pè ní Unicode. Àwọn lẹ́tà wa ti wà nínú rẹ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Díẹ̀ nìyí:

(4) (a) ẹ: 1EB9, Ẹ: 1EB8
(b) ọ: 1ECD, Ọ: 1ECC
(d) ṣ: 1E63, Ṣ: 1E62
(e) àmì ohùn òkè: 0301
(ẹ) àmì ohùn ìsàlẹ̀: 0300

Kí a kíyè sí i pé ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn. Lẹ́tà méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú kọ̀ǹpútà: ẹ pẹ̀lú àmì tí ó gùn ún. Èyí ni ìdí rẹ̀ tí àmì fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tí àpótí kékeré fi máa ń hàn dípò rẹ̀ bí irú lẹ́tà tí a yàn kò bá mọ bí a ti ń gbé àmì gun lẹ́tà. Irú lẹ́tà ni ó yẹ kí a pààrọ̀ nígbà bẹ́ẹ̀. Àmì kò sọnù.

Nínú Microsoft Word lórí Windows, bí a bá tẹ 1EB9, tí a sì di bọ́tìnnì Alt mú kí a tó tẹ X, ẹ yóò jáde lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tẹ 0301 tẹ̀lé e, tí a tún tẹ Alt àti X, yóò di ẹ́. Kò sí bọ́tìnnì kan tí a kọ èyí sí lára. Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà ń ka a, b, d, e àti f mọ́ nọ́ńbà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà tí a bá fẹ́ kọ bẹ, kí a kọ́kọ́ fi òjìji bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 1EB9 nìkan kí a tó tẹ Alt àti X.

4.2 Kíbọ́ọ̀dù

Ẹni tí yóò tẹ odidi ìwé kò lè máa tẹ nọ́ńbà. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni ó yẹ ẹ́. Nínú Windows 10 àti 11, a ó ṣí “Settings”, lẹ́yìn náà “Time & language”, lẹ́yìn náà ibi tí a kọ èdè sí, a ó sì fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó wà níbẹ̀. Lórí fóònù Android tí ń lo kíbọ́ọ̀dù Gboard ti ilé-iṣẹ́ Google, a ó wọ inú ètò kíbọ́ọ̀dù náà, a ó yan “Languages”, a ó sì fi Yorùbá kún un. Kò gba owó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ tí yóò sọ fún ẹni tí ń tẹ ìwé ní Mushin pé ohun tí ó ń wá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kẹta.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé àwọn ọmọ Yorùbá kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní African Languages Technology Initiative ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ti gba èdè wa. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí ó bá a dá YorubaName sílẹ̀ pín kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

4.3 Lẹ́tà c àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ i

Ẹ tún padà wo àpẹẹrẹ (1) àti (2). Yàtọ̀ sí àmì ohùn, ohun kan tún yí padà. (a), (b), (d), (e) ni a kọ. (A), (b), (c), (d) ni ó jáde. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní c, ìdí nìyí tí a fi máa ń fò ó nígbà tí a bá ń to nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ (a) nínú Word, ẹ̀rọ yóò gbà pé ètò nọ́ńbà ni a fẹ́, yóò sì máa fi ti Gẹ̀ẹ́sì tò ó lọ fúnra rẹ̀. Bí a kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn márùn-ún ni a ó ṣí: “File”, “Options”, “Proofing”, “AutoCorrect Options”, àti “AutoFormat As You Type”. Ibẹ̀ ni a ó ti mú àmì kúrò níwájú ìlà tí ó sọ nípa títo nǹkan ní nọ́ńbà.

Èyí tí ó tún burú ju èyí lọ ni ti arọ́pò-orúkọ i. Bí ẹ̀rọ bá gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni à ń kọ, gbogbo i tí ó bá dá dúró ni yóò sọ di lẹ́tà ńlá. “Mo rí i” yóò di “Mo rí I”; “Ó ní i” yóò di “Ó ní I”. A ti rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a gé máàkì rẹ̀ lórí irú àṣìṣe yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà kò ṣe é. Ẹ̀rọ ni ó ṣe é lẹ́yìn tí ọmọ ti kọ ọ́ dáadáa. Ojútùú rẹ̀ ni kí a sọ fún Word pé Yorùbá ni èdè tí a fi kọ ìwé náà. Abala “Review” ni a ó ti rí i, lábẹ́ “Language”. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà pupa tí ń gba abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa kọjá bí ẹni pé àṣìṣe ni gbogbo wọn yóò dín kù pẹ̀lú.

5. Àwíjàre àwọn tí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀

Kò ní bójú mu bí a bá dá ẹjọ́ ẹnìkan láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà ní ìdí tí ó nítumọ̀. Ní ọdún 1984, John M. Carroll àti Caroline Carrithers, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí IBM ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé. Wọ́n dí àwọn ètò líle fún àwọn kan. Wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Àwọn tí a dí ètò líle fún ni wọ́n tètè mọ iṣẹ́ náà, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Wọ́n fi ọ̀nà náà wé táyà kékeré tí à ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé kí ó má baà ṣubú.

Olùkọ́ ni wá. A kò lè sọ pé ìwádìí yìí kò jóòótọ́. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Yorùbá pẹ̀lú àrànmọ́ àti ìpajẹ. A ń kọ́ ọmọ ní a, b, d. A ń kọ́ ọ ní sílébù. Ó di ọjọ́ iwájú kí a tó sọ fún un bí fáwẹ̀lì kan ṣe ń ran èkejì. Ẹni tí ó bá da gbogbo gírámà lé ọmọ ọdún mẹ́fà lórí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ méjì pàtàkì wà láàárín olùkọ́ àti irú sọ́fítíwíà tí à ń sọ. Èkíní ni pé olùkọ́ ń sọ pé nǹkan ń bẹ níwájú. Ìlànà ẹ̀kọ́ wà ní títẹ̀. Òbí lè kà á, ọmọ lè ṣí ojú-ewé iwájú wò, bí ọdún bá sì yí po, olùkọ́ yóò ṣí ohun tí ó dé. Táyà kékeré ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ pàápàá, ojú ń rí i, a sì mọ ọjọ́ tí a ó tú u. Sọ́fítíwíà kì í sọ fún ni. Ẹni tí ó ti ń tẹ ìwé lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lè wà ní ibi tí ó wà ní ọjọ́ kìíní. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ fún pé ẹ̀fà ní ẹ̀yìn, kí ni yóò mú un yẹ ibẹ̀ wò?

Ìyàtọ̀ kejì ni ó dùn wá jù. Ta ni ó pín ètò sí èyí tí ó rọrùn àti èyí tí ó le? Lójú ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé, lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó tún ní àmì lórí jẹ́ ohun àjèjì tí ènìyàn lè má lò títí ayé. Fífi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn márùn-ún kò pa á lára. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá, lẹ́tà náà wà nínú a, b, d tí ó kọ́kọ́ kọ́. Ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá níbòmíràn, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni níbí. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ìkà ṣe é. Ohun tí à ń sọ ni pé àṣàyàn àbáwá kò dá wà láìní èdè. Èdè ẹni tí ó yàn án ni ó ń sọ.

Nítorí náà, èrò wa ni pé bíbo ètò mọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé a bò ó, a kò sì sọ pé a bo nǹkan kan.

6. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan, pé àyíká gbólóhùn yóò fi ìtumọ̀ hàn bí àmì kò bá tilẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ (2) ti dáhùn èyí. Nínú ìdánwò, kì í sí àyíká gbólóhùn nígbà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń gbé síwájú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò ń kó lọ sórí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò àṣewọlé JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, Yorùbá sì wà lára iṣẹ́ tí ọmọ lè yàn níbẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ WAEC, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní Yaba, bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí fún àwọn tí ń dá forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yóò máa fi kíbọ́ọ̀dù dáhùn ìbéèrè Yorùbá kò jìnnà mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣí kíbọ́ọ̀dù náà fún un, àìmọ ẹ̀rọ ni a ó máa dán wò, a ó sì máa pè é ní àìmọ Yorùbá.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí olùdánwò mọ̀ ní pàtàkì. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ ẹ́: a lè tẹ ẹ kí a tó fi àmì òkè lé e, a sì lè tẹ é kí a tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì, Unicode náà sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí sọ́fítíwíà tí ń máàkì kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan náà, yóò rí nọ́ńbà tí ó yàtọ̀, yóò sì gé máàkì ọmọ tí ó gba ìdáhùn.

Àbá wa nìyí:

(5) (a) Kí olùkọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ṣí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù tirẹ̀ kí sáà yìí tó parí. A kò lè kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀.

(b) Kí ẹ̀kọ́ lórí àkọtọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìdánrawò kan nínú tí àwọn ọmọ yóò fi tẹ àmì ohùn lórí ẹ̀rọ, ní àfikún sí ti orí ìwé.

(d) Kí a má fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé láìbéèrè pé kí a kọ́kọ́ rí ojú-ewé kan. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ohun tí a kò bá béèrè fún ni wọn kì í ṣe.

(e) Kí olùdánwò tí ó ń máàkì iṣẹ́ tí a tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ya àṣìṣe ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe ẹ̀rọ. Bí gbogbo ṣ bá ti di s láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni. Bí àwọn kan bá ní àmì tí àwọn kan kò ní, ọmọ ni.

(ẹ) Kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn àjọ ìdánwò pé kí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá hàn lójú ẹ̀rọ láti ìṣẹ́jú kìíní ìdánwò Yorùbá, kí ó má jẹ́ ohun tí ọmọ yóò máa wá, kí àtúnṣe aládàáṣe Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní pípa.

7. Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àìní ẹ̀rọ kì í ṣe àìní. Àmì ohùn wa wà nínú kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù wa wà níbẹ̀. Ọ̀nà láti dá ẹ̀rọ lẹ́kun àtúnṣe òdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí kò sí ni ìtọ́ka. Títí àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà yóò fi fi ìtọ́ka náà síbẹ̀, olùkọ́ ni yóò máa ṣe ìtọ́ka.

A padà lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. A jókòó tì í, a ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta náà, ó sì tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lójú wa. Ó wò ó títí. Ó ní: “Sà, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sọ fún àwọn tíṣà pé kò ní i. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?” A kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè sáà tí ó tẹ̀lé e, òun ni ó tẹ̀ ẹ́, a kò sì mú bírò.